Sí Màmá Kristine Tompkins, lórí ilẹ̀ tí ẹ rà ní Chile tí ẹ sì fi tọrẹ

Màmá Tompkins,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá, ó sì ṣeé ṣe kí lẹ́tà yìí má dé ọ̀dọ̀ yín láé. Ṣùgbọ́n lágboolé wa, bí ìyá ọkọ bá fẹ́ bá ìyàwó ilé wí, ọmọ tirẹ̀ ló máa ń dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ìyàwó tó wà nídìí ààrò á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ lónìí. Ẹ rí i pé mo ti fi yín ṣe ọmọ ilé. Àwọn tó wà nídìí ààrò mọ ara wọn. Àwọn ni olówó tó ń ra igbó ní éékà-éékà, lọ́dọ̀ wa níbí àti lókè òkun, tí wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ dáàbò bo igi àti ẹranko ni.

Owó kọ́ ni mo ń tọrọ o. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ ohun tí àwọn ará wa máa ń rò bí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan láti Ìjẹ̀bú ń kọ̀wé sí ará Amẹ́ríkà tó lówó.

Iṣẹ́ sọ́fè ni mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe. Èmi kọ́ ni awọnlẹ̀ gan-an. Èmi ni mo máa ń fa ṣéènì, tí mo máa ń fi àdá la ojú ọ̀nà fún ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, tí mo máa ń ru òkúta ààlà lérí lọ síbi tí ọ̀gá bá nawọ́ sí. Igbó tó lọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó sí ìhà odò Ọmọ, ẹsẹ̀ ni mo fi tẹ̀ ẹ́ já. Bí mo bá sọ pé mo mọ ààlà, kì í ṣe inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Wáyà ló mú mi mọ orúkọ yín. Ọmọ mi kan ló fi àwòrán hàn mí lórí fóònù: àwọn ènìyàn tó wọ ìbọ̀wọ́ dúró lórí pápá gbalasa, òkè oníyìnyín lẹ́yìn wọn, wọ́n ń fa òpó ọgbà tu, wọ́n ń ká wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Mo ní kí ọmọ náà ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní lọ́dún 2004 ni ẹ ra Valle Chacabuco, oko àgùntàn ńlá kan tó tó nǹkan bí 70,000 hẹ́kítà ní gúúsù Chile, pé àgùntàn bí 25,000 ló ń jẹko níbẹ̀, pé ẹ ta àwọn àgùntàn náà díẹ̀díẹ̀, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọgbà. Wáyà tí ẹ ká níbẹ̀ lé ní 600 kìlómítà. Ẹni tó wọ ọkọ̀ l'Ékòó lọ sí Ìlọrin, tó tún wọ̀ ọ́ padà wálé, ni yóò mọ bí ìyẹn ti gùn tó.

Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan wáyà rí lè máa rò pé eré ni. Wáyà tó ti wà ní nínà láti ọjọ́ pípẹ́ ní agbára nínú. Bí ẹ bá fi ẹ̀mú gé e láì kọ́kọ́ di orí rẹ̀ mú, á fò padà bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo ní àpá kan lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ òsì tó jẹ́rìí sí i. Ẹ ó kọ́kọ́ yọ ìṣó lára òpó níkọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbọn òpó títí ilẹ̀ yóò fi tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ibi kíká yìí ló máa ń fa aṣọ ya, tó máa ń mú kí ènìyàn bú ẹni tó kọ́kọ́ nà án. Àwọn tó wá bá yín ṣe é fúnra wọn, láti ìlú oríṣiríṣi, láì gba owó, ẹ bá mi kí wọn gan-an.

Ọmọ mi ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní guanaco, ìbátan ràkúnmí ni, àmọ́ kò ní iké. Ìyá rẹ̀ á fo ọgbà, ọmọ rẹ̀ á fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ọmọ á há sínú wáyà, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Huemul náà wà níbẹ̀, àgbọ̀nrín tí Chile yà sínú àmì orílẹ̀-èdè wọn, tó sì jẹ́ pé lára àmì náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Chile ti rí i jù, nítorí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó.

Mo tẹjú mọ́ àwòrán yẹn pẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń bá àwọn ènìyàn fi ààlà lélẹ̀. N kò tí ì rí ẹni tó fi owó ra ilẹ̀ tó tún wá sanwó kí wọ́n bá òun hú ọgbà rẹ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀ nípa yín fún àwọn tó wà nídìí ààrò. Ọkọ yín, olóògbé Douglas Tompkins, ni wọ́n dá The North Face sílẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, tí wọ́n ń ta àgọ́ àti ẹ̀wù òtútù fún àwọn tó ń gun òkè. Àwọn àti ìyàwó wọn àkọ́kọ́ ló tún jọ ní Esprit, ilé-iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí ó sú wọn, wọ́n ta ìpín tiwọn, wọ́n gbé owó náà lọ sí Reñihué ní Chile, níbi tí òkun ti ki apá bọ àárín àwọn òkè. Ẹ̀yin fúnra yín ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ aṣọ Patagonia kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1993, tí ẹ lọ bá wọn níbẹ̀. Aṣọ ni gbogbo owó yẹn ti wá. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó ra jákẹ́ẹ̀tì ní San Francisco nígbà náà kò mọ̀ pé igbó ni òun ń dáwó rà.

Ilẹ̀ tí ọkọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Pumalín. Ó sún mọ́ 300,000 hẹ́kítà. Hẹ́kítà kan tó púlọ́ọ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí púlọ́ọ̀tì bá jẹ́ ọgọ́ta nípa ọgọ́fà ẹsẹ̀ bí a ti ń wọ̀n ọ́n nílé. Ẹni tó bá lágbára kó ṣírò ìyókù. Igi alerce wà nínú igbó yẹn. Wọ́n ka ọjọ́ orí ọ̀kan nínú irú igi yìí ní Chile, ó lé ní 3,600 ọdún. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ Erédò Súngbọ́ yí Ìjẹ̀bú ká, tí í ṣe ààlà tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni fi lélẹ̀ nílẹ̀ wa, igi yẹn ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Àwọn ọmọ Chile kò pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ Pumalín lọ láti etí òkun títí dé ẹnubodè Ajẹntínà, Chile sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú. Wọ́n ní òyìnbó yìí ti gé orílẹ̀-èdè àwọn sí méjì. Àwọn kan ní ibi tí wọn yóò máa da ẹ̀gbin átọ́míìkì sí ló ń wá. Àwọn mìíràn ní orílẹ̀-èdè tuntun ló fẹ́ dá sílẹ̀ fún àwọn Júù, bẹ́ẹ̀ ọkọ yín kì í tilẹ̀ ṣe Júù. Ilẹ̀ Huinay, tó jẹ́ ti yunifásítì kan, tó sì já sáàárín ilẹ̀ yín gan-an, ìjọba kò jẹ́ kó bọ́ sí yín lọ́wọ́. Endesa, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, ló wá rà á. Nígbà tí ẹ dé ìhà Chacabuco, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ọkọ̀ wọn pé Patagonia láìsí Tompkins làwọn fẹ́. Patagonia yìí, gúúsù ilẹ̀ wọn ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ aṣọ.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ká ní mo jẹ́ ọmọ Chile nígbà náà, èmi náà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ mi. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, irọ́ ni ọ̀rọ̀ Júù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àlejò tó fi owó ra odò, òkè àti igbó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní òun kò ní gbin nǹkan kan, òun kò ní gé nǹkan kan, òun kàn fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ni: ta ni kò ní fura? Ká tilẹ̀ ní òótọ́ ló ń sọ. Olówó yìí ṣe ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó máa ra ilé-iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Kò sì sí ilẹ̀ tó ṣófo. Lórí máàpù, ibi tí ẹ rà dà bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Mo mọ irú máàpù bẹ́ẹ̀, mo wà lára àwọn tó ń yà á. A máa ń fi àwọ̀ ewé kun gbogbo igbó, a ò sì ní ya ojú ọ̀nà tí ìyá kan ń gbà lọ sí odò, nítorí ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa kò béèrè rẹ̀. Ní Chacabuco, àwọn darandaran wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé oko àgùntàn yẹn ni bàbá wọn ti jẹun. Kí àgùntàn tó dé, àwọn ará Aónikenk ti ń dẹ guanaco gba àfonífojì yẹn kọjá. Ẹ̀yin náà kò purọ́ pé kò sí wọn. Ẹ gba díẹ̀ nínú àwọn darandaran náà síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ páàkì, mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Díẹ̀ ni mo sọ.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí mo ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 2015, ìgbì dojú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ọkọ yín wà nínú rẹ̀ dé lórí adágún General Carrera. Òtútù omi yẹn ló gba ẹ̀mí wọn. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá. Opó tó bá ní ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wa níbí, ẹjọ́ ni yóò máa rò títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin jókòó ti Michelle Bachelet, Ààrẹ Chile nígbà náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2017, ẹ fọwọ́ síwèé àdéhùn pé ẹ ó fi ilẹ̀ náà tọrẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ọ́ di páàkì orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ tí ẹ fi tọrẹ tó 407,000 hẹ́kítà. Ìpínlẹ̀ Èkó látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ọ̀sà rẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba Chile náà fi ilẹ̀ tirẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ wá tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin hẹ́kítà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pa pọ̀ kò tó o. Páàkì mẹ́tàdínlógún ló wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo báyìí, láti Puerto Montt títí dé Cape Horn, 2,800 kìlómítà.

Ẹ gbọ́ mi yé, Màmá. Torí pé ẹ rà á kọ́ ni mo ṣe ń kí yín. Olówó ibi gbogbo ló ń ra ilẹ̀. Torí pé ẹ jẹ́ kó lọ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn òyìnbó yan ìgbìmọ̀ kan pé kó wádìí bí àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe ń ní ilẹ̀. Ẹlẹ́sì ti Òdógbolú, ní Ìjẹ̀bú tiwa níbí, ló dá wọn lóhùn pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé ńlá kan: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àìlóǹkà ni a kò tí ì bí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá mi ní ọjọ́ tí a lọ wọn ilẹ̀ kan ní Òdógbolú. Kò yé mi nígbà náà, ebi ń pa mí. Àwọn tí a kò tí ì bí yẹn ni ẹ gbé ìwé ilẹ̀ fún lọ́dún 2018.

Ohun tó mú mi gbé bírò nìyí, kì í sì í ṣe ìtàn Chile.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, àwọn kan wá sí abúlé bàbá mi. N kò ní dárúkọ wọn. Bàtà òjò tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, àwòrán ẹyẹ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní irú igbó wa ti ṣọ̀wọ́n, pé àwọn fẹ́ rà á kí ẹnikẹ́ni má baà gé e mọ́ láéláé. Lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ wá wo iye olórí ẹbí tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé títà. Tiwa náà lù ú. Àwọn ọmọ ẹbí pín owó, èmi náà gba tèmi, mo fi ra páànù. Ọ̀gá mi ni wọ́n gbé sọ́fè fún. Èmi ni mo fi àdá la ààlà igbó bàbá mi fún àlejò.

Ààlà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pèrègún ni, bàbá bàbá mi ló gbìn ín, ìdí mẹ́rìnlá, láti ẹ̀bá odò dé ìdí àpáta. Ẹ ò ní pèrègún lọ́dọ̀ yín, nítorí náà kí n júwe rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ewé rẹ̀ gùn ó sì ń dán, ó máa ń jọ pé ó ń gbàdúrà. Àwọn àgbà ní òun ni í pe irúnmọlẹ̀ láti òde ọ̀run wá sóde ayé. Ẹ gé e lulẹ̀, á tún hù. Ẹ sun ún, á tún hù. Ìdí tí a fi ń fi í ṣe ààlà nìyẹn. Àmọ́ ènìyàn lè gba àárín pèrègún méjì kọjá, ewúrẹ́ lè gbà á kọjá, àgbọ̀nrín lè gbà á kọjá. Ó kàn ń sọ fún yín pé oko ẹlòmíì lẹ bọ́ sí yìí, ẹ kí onílẹ̀.

Wọ́n na wáyà sí ẹ̀yìn pèrègún náà. Ìpele márùn-ún, ẹlẹ́gùn-ún.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Eléwé, inú igbó yẹn ló ti máa ń já ewé eéran tí àwọn oníṣòwò fi ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín. Iṣẹ́ tó fi rán ọmọ márùn-ún nílé ìwé nìyẹn. Lọ́jọ́ ọjà Ọbádá, ó ru agbọ̀n rẹ̀ dé ìdí wáyà. Ọmọ abúlé kejì ni wọ́n gbà ṣe ẹ̀ṣọ́, ọmọ tí Ìyá Eléwé bá wọn sọ lórúkọ. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa. Ó wá ní, “Ìyá, ẹ ò lè wọlé mọ́ o. Àwọn ọ̀gá ní nítorí àwọn ẹyẹ ni.” Ìyá Eléwé sọ agbọ̀n kalẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń tún òkúta ààlà kan rì. Wọn kò wo ọmọ náà, wọn kò wo èmi náà. Pèrègún ni wọ́n ń wò nínú wáyà. Wọ́n ní, “Bàbá mi ló gbin èyí. Kò dí mi lọ́nà rí.”

Wọ́n ru agbọ̀n wọn, wọ́n padà.

Lọ́dún kẹfà, àwọn tó rà á ta á fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì yìí kò gbé àwòrán ẹyẹ wá, kàtàkàtà ló gbé wá. Àfàrà lọ, ọ̀mọ̀ lọ, ìrókò méjì tí wọn kì í jẹ́ ká na ìka sí nígbà tí a wà lọ́mọdé lọ, gbogbo rẹ̀ di páákó. Nígbà náà ni mo tó lọ gba ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ náà kà. Mo kà á látòkè délẹ̀, mo tún un kà. Wọ́n kọ ìwọ̀n ilẹ̀ sí i, ìwọ̀n náà sì péye, èmi ni mo fa ṣéènì rẹ̀. Wọ́n kọ iye owó sí i. Ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi, kò sí níbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Káàkiri ayé lónìí, bí olówó kan bá ra igbó, orúkọ yín ló máa ń dà bò ó. Á ní, “Bí àwọn Tompkins ti ṣe ní Patagonia.” Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ríra ni ìdajì. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọn yóò dá ilẹ̀ náà padà fún gbogbo ìlú sínú ìwé àkọ́kọ́ gan-an, ní ojú ewé tí ìwọ̀n ilẹ̀ àti owó wà. Kí wọ́n kọ ẹni tí wọn yóò gbé e fún. Kí wọ́n kọ ọ́ pé bí àwọn bá kú, bí ilé-iṣẹ́ àwọn bá wó, àdéhùn náà dúró. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé páàkì orílẹ̀-èdè lẹ fẹ́ kó dà; àwọn èèyàn Chile kò gbà yín gbọ́, mo sì ti sọ ìdí. Ká ní ó wà nínú ìwé láti ọjọ́ kìíní ni, bóyá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ì bá dín kù. Bóyá kò ní dín kù. Ṣùgbọ́n ìwé ì bá wà.

Ẹni tó bá bi mí pé, ṣé ìjọba ló wá mọ igbó tọ́jú? Rárá o. Igbó Ọmọ wà nítòsí wa níbí. Láti ọdún 1925 ni ó ti di igbó ọba, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn lọ́dún 1977. Ẹ wọ inú rẹ̀ lónìí, kòkó ni ẹ óò máa tẹ̀, ẹ óò sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi kí ẹ tó gbọ́ ìró ẹyẹ. Erin ṣì kù níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Èmi kò sọ pé kí olówó jù ú sí ìjọba lọ́wọ́ kó máa lọ sílé. Ní Chile náà, ẹ ò lọ. Ẹ ṣì ń bá wọn dáwó, ẹ ṣì ń bá wọn kọ́ ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ba igbó Ọmọ jẹ́, mo mọ ọ́fíìsì tí mo lè lọ pariwo níwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ra igbó bàbá mi gé e, mo lọ síwájú géètì rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ní kí n lọ ka ìwé tí ẹbí mi fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ìjọba ló wà. Páàkì Kawésqar, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn, gba orúkọ àwọn ènìyàn tó ti ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ la omi ibẹ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ Chile. Orí ilẹ̀ nìkan ni páàkì náà dé. Omi tó wà láàárín àwọn erékùṣù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lábẹ́ òfin tí kò le tó ti páàkì, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ń sin ẹja salmon. Àwọn Kawésqar ń pariwo títí di òní. Omi sì ni ilé wọn. Tí wọ́n bá fi orúkọ ìdílé mi pe igbó kan, tí wọ́n wá gbé odò inú rẹ̀ fún oníṣòwò, n kò mọ̀ bóyá ọlá ni n óò pè é.

Nípa àwọn darandaran Chacabuco náà, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí: mélòó ló rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, mélòó ló di ẹrù lọ sí ìlú, kí sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé iye guanaco nìkan la mọ̀.

Ẹ tún bá mi kí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní Iberá, àbàtà ńlá kan ní Ajẹntínà. Ẹkùn ilẹ̀ wọn, jaguar, ti kúrò ní àgbègbè yẹn fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún. Lóṣù Kìíní ọdún 2021 wọ́n tún ṣílẹ̀kùn fún ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì, wọ́n wọ inú àbàtà lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín níkan ṣoṣo bí wèrè.

Ìbéèrè kan ló kù, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Nígbà tí oníkàtàkàtà kó páákó tán, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, ó fi wáyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ ẹbí mẹ́fà lọ ká a kúrò lójú ọ̀nà odò, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Pèrègún mẹ́sàn-án ló kù, mẹ́ta nínú àwọn tí kàtàkàtà tẹ̀ sì ti ń rúwé. Wáyà náà wà lẹ́yìnkùlé mi, ìká mẹ́tàdínlógún, ó ń dípata, ó sì ti ya ọmọ ọmọ mi kan lẹ́sẹ̀. Àwọn onírin-àlòkù ní ọkọ̀ àwọn kò lè dé ibi tó wà. Aládùúgbò mi mẹ́ta ti wá fi owó lọ̀ mí. Ọgbà ni gbogbo wọn fẹ́ fi ṣe, mi ò sì fẹ́ tà á fún ẹni tó máa tún nà án.

Tèmi kò tó kìlómítà mẹ́rin. Tiyín lé ní 600. Màmá, kí lẹ fi ṣe?

Èmi ni tiyín,
ẹni tó ń fa ṣéènì tẹ́lẹ̀, Ìjẹ̀bú.